Tanaka

Ọ̀rọ̀-orúkọ. Orúkọ ìdílé àwọn ará Jàpáànì. Ó wà lára àwọn tó wọ́pọ̀ jù lọ níbẹ̀.

Ìtumọ̀: Àmì ìkọ̀wé méjì ni a fi ń kọ ọ́: 田 (ta), oko ìrẹsì tí omi dúró sí, àti 中 (naka), àárín. Àpapọ̀ wọn ni "àárín oko ìrẹsì". Bí a bá yí ipò àwọn àmì náà padà, orúkọ ìdílé mìíràn ni yóò jáde: Nakata.

Orírun: Ní ọdún 1875 ni ìjọba Jàpáànì pàṣẹ pé kí olúkúlùkù ní orúkọ ìdílé. Ọ̀pọ̀ nínú irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ló tọ́ka sí ilẹ̀ àti ibùgbé: Yamamoto, ìsàlẹ̀ òkè, Nakamura, abúlé àárín. Ẹni tó bá ń wá àdúrà tàbí ìtàn ìbí nínú Tanaka, bí a ti ń rí i nínú orúkọ Yorùbá, kò ní bá a níbẹ̀. Bákan náà, kì í ṣe gbogbo Tanaka ló jẹ́ ẹbí kan náà.

Ìlò: Orúkọ ìdílé ló ń ṣáájú: Tanaka Kakuei, olórí ìjọba láti 1972 sí 1974, Tanaka Makiko, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó di mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní 2001. Bí a bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan, a ó fi "san" kún ẹ̀yìn orúkọ rẹ̀: Tanaka-san. Tọkùnrin tobìnrin ló ń gba "san", ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í fi í kún orúkọ ara rẹ̀.

Àkíyèsí fún atúmọ̀ èdè: Má ṣe sáré sọ Tanaka-san di "Ọ̀gbẹ́ni Tanaka". Ètò kọ̀ǹpútà kan tí mo kọ ṣe bẹ́ẹ̀ rí nígbà tó túmọ̀ ìwé ìpàdé kan. Ọkùnrin ni àwọn tó gba ìwé náà ń retí. Ìyá àgbà kan ló wọlé. Èdè wa kò sì ṣaláìní ohun tí a lè lò: "wọ́n" àti "ẹ" ọ̀wọ̀ kò béèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Fi orúkọ náà sílẹ̀ bó ti wà, kí o sì jẹ́ kí arọ́pò-orúkọ gbé ọ̀wọ̀ náà.

Àpẹẹrẹ: Mo rí Tanaka-san lánàá, wọ́n ní kí n kí yín.

Tún wo: Tanaka, orúkọ àbísọ nínú èdè Shona ní Zimbabwe. Kò bá ti Jàpáànì tan.