Àlejò àti awùsá: bí a ṣe lè bọ́ lọ́wọ́ fòní-dónìí-fọ̀la-dọ́la

(A kọ ọ́ láti inú voice note alẹ́ Sunday, fún àwọn tí dátà wọn ò gbé ohùn, àti àwọn tí ariwo ọjà ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́.)

  Àwọn tó wà ní Rumuokwuta níbí, àwọn ti Mile 3, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ná Oil Mill ní ọjọ́ Wednesday, Ọlọ́run á ṣí ọ̀nà fún gbogbo wa. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọ̀rọ̀ nǹkan tí à ń sún síwájú ni mo bá wá.

Òwe kan wà tí àwọn àgbà pa, bí ẹni pé àwa tí a wà ní Port Harcourt yìí gan-an ni wọ́n ń bá wí. Wọ́n ní, "Òní ni mò ń lọ, ọ̀la ni mò ń lọ, kò jẹ́ kí àlejò gbin awùsá." Ẹ mọ awùsá, òun náà ni àwọn Ìgbò tó ń tà á létí títì ń pè ní ukpa. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbìn lónìí kó ká a lóṣù mẹ́ta. Ó máa fà mọ́ igi, ó máa pẹ́ kó tó so. Àlejò bá ń sọ lọ́kàn ara ẹ̀ pé, "Kí ni mo fẹ́ gbìn ín fún? Mi ò ní pẹ́ lọ sílé." Ogún ọdún kọjá, kò lọ sílé, kò sì ní awùsá.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ẹni tó ń jí láago mẹ́rin ìdájí lọ gba ọjà, ta ló máa pè é ní ọ̀lẹ? Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe wá. Ohun tó ń ṣe wá ni pé à ń gbé ìlú yìí bí ẹni tó máa lọ lọ́la. Àgírímẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù, a ò gbà á, a ní "láńlọ́ọ̀dù yẹn, èèyàn dáadáa ni." Gbèsè tí kọ́sítọ́mà jẹ wá, orí la kọ ọ́ sí. Ilẹ̀ tí a rà nílé, a ò tíì gba ìwé ẹ̀. "Tí mo bá délé ní Iléyá." "Tó bá di Kérésì." Iléyá dé, Kérésì dé, ìwé ò dé.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kan irú wa rí, ní Gánà. Àwọn ará wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ̀tì, Ṣakí àti Ọ̀fà ń tajà ní Accra, ní Kumasi, títí dé Tamale lókè lọ́hùn-ún. Àwọn míì ti lo ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀, wọ́n bímọ síbẹ̀, wọ́n kọ́lé síbẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù November, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia kéde pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó kúrò nílùú. Ọ̀sẹ̀ méjì péré o! Ọjà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n tà á lówó pọ́ọ́kú. Gbèsè tó wà níta, ọ̀pọ̀ ni wọn ò rí gbà. Ilé míì wà níbẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Mi ò sọ pé ẹ̀bi wọn ni. Òfin yẹn le, ọ̀sẹ̀ méjì ò sì tó fún ẹnikẹ́ni. Mi ò sì sọ pé Rivers ni Gánà. Nàìjíríà la wà, ilẹ̀ wa ni. Àmọ́ ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀: gbèsè ogún ọdún ò ṣeé gbà ní ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ọjọ́ tí nǹkan bá yí, ìbáà jẹ́ àìsàn, ìbáà jẹ́ iná, ìbáà jẹ́ láńlọ́ọ̀dù tó ní ká kó jáde, ohun tí a ti tò sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìkan la máa rí lò.

Tí Gánà bá jìnnà sí yín, ṣé ẹ rántí ọ̀rọ̀ NIN? Oṣù December 2020 ni ìjọba ní ká so NIN mọ́ síìmù wa, wọ́n sì fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ pé, wọ́n sún un. Ó tún pé, wọ́n tún sún un. Ó lé lọ́dún kan tí wọ́n ń sún un kiri. Àwa náà bá gbà pé ẹnu lásán ni. Nígbà tó di ọjọ́ 4 oṣù April, ọdún 2022, wọ́n dí ìpè jíjáde lórí síìmù tó lé ní 70 mílíọ̀nù. Ẹni tọ́rọ̀ kàn ò lè fi síìmù ẹ̀ pe ẹni tó ń bá a kó ọjà wá láti Èkó mọ́. Ẹ ò rí i? Sísún tí wọ́n ń sún un ló kọ́ wa ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Ọjọ́ tí ìjọba dá, tiwọn ni. Ẹ dá tiyín, kí ó ṣáájú tiwọn.

Ó dáa, báwo la ṣe máa ṣe é?

Àkọ́kọ́, ẹ fún nǹkan náà ní ọjọ́, wákàtí àti ibi. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì kan, Peter Gollwitzer, tó ń wádìí ìrònú ẹ̀dá, kọ̀wé lórí èyí ní 1999. Ó ní ẹni tó sọ ìgbà, ibi àti bí òun ṣe máa ṣe nǹkan sábà máa ń ṣe é ju ẹni tó kàn ní i lọ́kàn lọ. "Màá lọ gba àgírímẹ́ǹtì" kì í ṣe ètò. "Tuesday, tí mo bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù tán, kí n tó jẹun, màá lọ bá láńlọ́ọ̀dù nílé ẹ̀," ètò nìyẹn.

Èkejì, ẹ máa kà á sẹ́yìn láti ọjọ́ tó máa pé. Ká ní owó ṣọ́ọ̀bù jẹ́ 600,000 náírà lọ́dún. Tí a bá dúró di oṣù tó máa pé, ẹ̀rù á bà wá, a ó sì sá lọ yá owó elé. Àmọ́ ẹ pín in sí oṣù 12, ó di 50,000. Tẹ́ ẹ bá ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ 26 lóṣù, tẹ́ ẹ sì ń dá 2,000 lójoojúmọ́ fún aláàjọ, 52,000 nìyẹn. Aláàjọ á yọ ti ọjọ́ kan, 2,000, á ku 50,000 géérégé. Ọdún pé, owó ṣọ́ọ̀bù pé. Àwọn ìyá wa ò lọ yunifásítì kí wọ́n tó mọ èyí. Wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ni wọ́n ṣe ní kí aláàjọ máa wá bá àwọn ní ìsọ̀. Ẹ ṣáà wá aláàjọ tẹ́ ẹ mọ ilé ẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ bù ú kéékèèké. Ẹni tí èèyàn 40 jẹ lówó, tó bá ní òun máa gba gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ní bẹ̀rẹ̀. Ẹ ra ìwé kan. Lónìí, ẹ kọ orúkọ àti iye. Lọ́la, ẹ pe ẹni márùn-ún, kí wọ́n dá ọjọ́. Ẹ kọ ọjọ́ náà síwájú orúkọ wọn. Ọjọ́ mẹ́jọ, ẹ ti pe gbogbo wọn tán.

Ẹ̀kẹrin, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan mọ̀. Ohun tó wà láàárín èèyàn àti ọkàn ara ẹ̀ nìkan, ó rọrùn láti sún. Àmọ́ tí aládùúgbò ìsọ̀ yín bá ti mọ̀ pé Tuesday ni, á bi yín.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní, "Ètò kẹ̀? Ṣé nínú Nàìjíríà tí owó ọjà ń yí lójoojúmọ́ yìí?" Òótọ́ ni, owó ń yí. Àmọ́ ètò kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀. Tí 2,000 ò bá tó mọ́, ẹ sọ ọ́ di 2,500. Ẹni tó ní ètò ló ní ohun tó lè tún ṣe.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fún wa kò pọ̀. Kó tó di Saturday, kí kálukú kọ nǹkan kan ṣoṣo tó ti ń sún síwájú sórí group yìí, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí tó máa ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ méjì. Ẹni tó bá ṣe é tán, kó padà wá sọ "ó ti parí." Ẹni tí kò bá rí i ṣe, kó dá ọjọ́ míì níwájú gbogbo wa, a ò ní bú u.