Ta Ló Gbé Pọ́líìṣì Dé?

Àpótí ìjókòó kan ni mo rà lọ́wọ́ káfíńtà létí títì, igi arère lásán tí wọn kò tíì kùn, nítorí mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi kùn ún fún ọmọbìnrin mi. Mo ti ṣí fáníìṣì, búrọ́ọ̀ṣì sì ti wà lọ́wọ́ mi, nígbà tí bàbá àgbàlagbà kan ládùúgbò wa, tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ pọ́líìṣì kó tó fẹ̀yìn tì, yà lẹ́nu ọ̀nà mi. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Wọ́n dáhùn, ṣùgbọ́n ara àpótí náà ni ojú wọn wà. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ra á látòkè délẹ̀, wọ́n ní: "Ọmọ mi, dé agolo yẹn padà. Igi yìí kò tíì dán. Fáníìṣì kì í sọ igi di dídán. Ohun tó bá bá níbẹ̀ ló máa ń fi han aráyé."

Wọ́n ní kí n rán ọmọ lọ já ewé ìpín wá. Ewé tí ìyá mi fi ń ha ìkòkò dúdú nígbà èwe mi ni, tó máa ń ha ọwọ́ bí ahọ́n ológbò. Mi ò mọ̀ pé ó kan igi rárá. Bàbá ká méjì pọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi lọ ojú àpótí náà jẹ́jẹ́, wọ́n ń tẹ̀lé ìlà ara igi, wọn kò gé e kọjá. Lẹ́búlẹ́bú funfun ń dà sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí n fọwọ́ kàn án, ó ń yọ̀ bí àwo tánganran. Wọ́n ní kí sánpépà tó kún ọjà, ohun tí àwọn ọ̀gá wọn ń lò nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ wọn kò jìnnà sí òtítọ́. Fadá Kevin Carroll, tó bójú tó ilé iṣẹ́ ọnà Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti 1947, níbi tí agbẹ́gilére Lamidi Fakeye ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, Bandele, kọ ọ́ sínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1967 pé ìpele mẹ́rin ni àwọn agbẹ́gilére wa ń pè: ọnà lílé, alétúnlé, dídán, fínfín. Dídán dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́, kó tó kan ọ̀rọ̀ osùn tàbí wájì. Ẹ tún wo ère ìbejì. Ìyá ọmọ ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fi osùn pa á lára, ó ń gbé e mọ́ra lọ́dọọdún títí ojú àti imú rẹ̀ fi ń pa rẹ́. Kò sí fáníìṣì tó mọ irú dídán bẹ́ẹ̀.

Pọ́líìṣì tí àwọn àgbà ń sọ kì í ṣe èyí tó wà nínú agolo mi. Oje tí kòkòrò kékeré kan ń sun sára ẹ̀ka igi ní Íńdíà àti Thailand ni. Wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á nà án fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á fọ́ ọ wẹ́wẹ́, sípíríìtì ni yóò sì tún sọ ọ́ di omi. Láàárín 1800 sí 1850 ni fífi òwú ra á mọ́ àga gbilẹ̀ ní Yúróòpù.

Ta wá ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa? Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ ní ojúde mi. Ọmọ Ẹ̀gbá ni bàbá onípọ́líìṣì, wọ́n sì ní àwọn òyìnbó ìjọ C.M.S. tó wọ Abẹ́òkúta ní 1846, àtàwọn Sàró tó padà wá láti Sierra Leone tí wọ́n bá wọn rìn, ló kọ́ wa. Wọ́n ní àga inú ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ dán nílẹ̀ yìí. Bàbá kejì tó ń gbatẹ́gùn lábẹ́ igi máńgòrò bá dìde. Ọmọ Pópó Àgùdà ní Èkó ni tiwọn, àwọn baba ńlá wọn sì padà wá láti Brazil.

"Ẹ dákun, ta ló kọ́ Mọ́ṣáláṣí Ṣítà-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894? Ṣé kì í ṣe João Baptista da Costa, ọmọ Àgùdà? Ẹni tó lè gbẹ́ ilẹ̀kùn àti àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ṣé yóò wá fi í sílẹ̀ ní gbígbẹ?"

Bàbá Ẹ̀gbá fèsì pé: "Fréjọ̀n tí ẹ gbé dé, a ṣì ń fi orúkọ tí ẹ fún un pè é. Orúkọ tí ẹ fi ń pe pọ́líìṣì ní Brazil dà? Gẹ̀ẹ́sì ni 'pọ́líìṣì', Gẹ̀ẹ́sì ni 'sípíríìtì', Gẹ̀ẹ́sì ni 'káfíńtà'!"

Bàbá Àgùdà ní orúkọ lè dé lẹ́yìn ohun, bí ìgbà tí ọmọ bá dàgbà tó yí orúkọ padà. Wọ́n fà á títí oúnjẹ ọ̀sán fi jinná. Ní tèmi, mo gbè sẹ́yìn bàbá Ẹ̀gbá lórí orúkọ. Lórí ọwọ́ tó mọ iṣẹ́, mi ò lè gba ipò iwájú lọ́wọ́ àwọn Àgùdà.

Ohun tó dùn mí ni pé àwọn tó lè yanjú ọ̀rọ̀ náà ti ń tán. Bàbá onípọ́líìṣì ní ọ̀gá ọ̀gá àwọn lọ kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ ẹnì kan ní Èkó, ibẹ̀ sì ni okùn ìtàn já. Àga tí wọ́n ń tà fún wa lónìí, lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ ni, wọ́n wá lẹ bébà aláwọ̀ igi mọ́ ọn lójú. Bí omi bá kàn án, ó wú, ó parí. Àtúnṣe kò sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní tábìlì àtijọ́ nílé, tí ife tíì gbígbóná ti fi òrùka funfun sí lójú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì gbé e jù sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ fi òwú kan sípíríìtì, ẹ rọra fi nu ibi tó fara sin lábẹ́ rẹ̀, kí iná má sí nítòsí. Bí ó bá rọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ òwú, pọ́líìṣì àwọn àgbà ni, ó sì ṣeé tún ṣe.