Gbígbé Àwòrán inú Téèpù MiniDV Lọ sínú Kọ̀ǹpútà fún Ìwádìí Àṣà

1. Ìfáárà
Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń gbé àwòrán àti ohùn kúrò nínú téèpù MiniDV lọ sínú kọ̀ǹpútà. Láti ọdún 1995 ni irú téèpù yìí ti jáde, kí káàdì ìpamọ́ tó gba ipò rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣe ìwádìí lórí ìgbéyàwó, ìsìnkú tàbí ọdún ìbílẹ̀ ní ìlú bí Ìgbògbò, ní agbègbè Ìkòròdú, kò gbọdọ̀ fojú fo irú téèpù bẹ́ẹ̀ dá. Èrò wa ni pé ẹ̀rọ tí ń ka téèpù lè tán nílẹ̀ kí téèpù fúnra rẹ̀ tó bàjẹ́.

2. Ohun tí ó wà lára téèpù
Ìgbì ni VHS ń gbà sílẹ̀. Nọ́ńbà ni MiniDV ń gbà ní tirẹ̀. Bí a bá fi wáyà FireWire so kámẹ́rà mọ́ kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà yẹn gan-an ni yóò kọjá, láìdín, láìlé. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ wáyà tẹlifíṣọ̀n ni a lò, a ó sọ nọ́ńbà di ìgbì, a ó sì tún sọ ìgbì di nọ́ńbà. Àwòrán kò ní mọ́ tó ti tẹ́lẹ̀.

3. Ìlànà iṣẹ́
Ìgbògbò kò jìnnà sí ọ̀sà, ọ̀rinrin sì ń ba téèpù jẹ́. Bí a bá rí i pé nǹkan funfun ti hù sí i lára, kí a má fi sínú kámẹ́rà, kí ó má baà ba ojú tí ẹ̀rọ fi ń kà á jẹ́. Bí ó bá mọ́, kí a tì í kí a má baà gba nǹkan mìíràn lé e lórí, kí a yí i dé òpin, kí a sì yí i padà. Wákàtí kan ni téèpù oníwákàtí kan yóò gbà. Kò sí ọ̀nà àbùjá. Yóò gba nǹkan bíi gígábáìtì 13. Kí a tọ́jú DV náà bí ó ti wà, kí a sì ṣe àdàkọ méjì sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú orúkọ ìlú, ọjọ́ àti ayẹyẹ.

4. Ìkádìí
Ní ọdún 2019, UNESCO àti ẹgbẹ́ IASA kìlọ̀ pé ẹ̀rọ tí ń ka téèpù olóòfà ń tán lọ. Kọ̀ǹpútà tuntun kì í sábà ní ojú FireWire mọ́. Nítorí náà, kámẹ́rà tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ àti kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni ó yẹ kí ẹ̀ka wa kọ́kọ́ wá. Iṣẹ́ tí a gbé ka téèpù tí ẹnikẹ́ni kò lè wò mọ́ dà bí ẹjọ́ tí ẹlẹ́rìí rẹ̀ ti kú.