Lọ́jà Bódìjà, Ẹrù Ló Ń Ta Oògùn

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí tírélà ti tò dé ẹnu ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn. Ẹ̀wà, àlùbọ́sà, ata gbígbẹ, òkè Ọya ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó sọ tramadol di oúnjẹ àárọ̀ fún àwọn alábàárù kan, kó má tíì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á. Kó kọ́kọ́ dúró wo bí wọ́n ṣe ń já ẹrù.

Àpò ẹ̀wà kan tó 100 kílò. Ọkùnrin méjì ló ń gbé e lé ẹnì kan ṣoṣo lórí. Ọrùn onítọ̀hún á rì sáàárín èjìká, iṣan á yọ níwájú orí, á wá máa fi eré gba orí pákó tí wọ́n fi dábùú gọ́tà. Bó bá ti jù ú sílẹ̀ ní ìsọ̀, ó tún ti padà. Iye àpò téèyàn bá gbé ni owó rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó sinmi ò gba nǹkan kan.

Ẹ̀gbẹ́ tírélà ni obìnrin oníparaga kan gbé tábìlì sí. Ìgò egbòogi wà níbẹ̀, ọtí inú ọ̀rá náà rọ̀ dirodiro. Tramadol ò sí lórí tábìlì. Ọmọkùnrin kan na owó, obìnrin náà ti ọwọ́ bọ inú báàgì tó so mọ́dìí, nǹkan kékeré kan bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Tramadol ni. Mo rí ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn páálí rẹ̀ kó tó jù ú nù: 225. NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ò sì fọwọ́ sí èyí tó bá ju 100 mílígíráàmù lọ. Ọtí ni ọmọkùnrin náà fi sìn ín. Ó pè mí ní ẹ̀gbọ́n, ó ní láìlò ó, ẹ̀yìn òun ò ní jẹ́ kí òun dé ìdajì ọkọ̀.

Mo gbà á gbọ́. Oògùn ìrora ni tramadol lóòótọ́, dókítà ń kọ ọ́ fún ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ṣùgbọ́n kì í tún ẹ̀yìn ṣe. Ẹnu ẹ̀yìn ló ń dì. Ara tí ì bá ké pé ó tó, kò ní lè ké mọ́, bó bá sì ń lò ó lọ, oògùn àná ò ní ká a mọ́. Bó bá pọ̀ jù, gíri lè gbé èèyàn, èémí á máa fà lọ títí tó fi lè dáwọ́ dúró. Èémí kan náà ni ọtí ń dẹ̀ sílẹ̀.

Ìwádìí tí àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ ṣe pẹ̀lú UNODC, ẹ̀ka àjọ UN tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, tó jáde ní 2019, fi hàn pé ilẹ̀ Yorùbá ni ọ̀rọ̀ oògùn olóró ti le jù ní Nàìjíríà: nínú èèyàn 100 tó wà láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64, ó lé ní 22 tó lò ó láàárín ọdún kan. Ọdún tó ṣáájú ni ìjọba ti fòfin de omi ikọ́ oníkódíìnì. Ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ òfin yẹn ò sọ àpò ẹ̀wà di fífúyẹ́.

Nígbà tí mo dé ìsọ̀ àwọn onípákó, ọ̀rọ̀ ẹni tó dákú ni mo bá lẹ́nu wọn. Epo pupa ni wọ́n ń wá bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, tàbí mílíìkì, wọ́n á máa rọ ọ́ sẹ́nu ẹni tí kò lè gbé nǹkan mì. Ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Nọ́ọ̀sì kan tí ìyá rẹ̀ ń tajà nítòsí ní kí ọmọ iṣẹ́ kan dùbúlẹ̀ sórí ìyẹ̀fun pákó, kí òun lè fi ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe hàn wọ́n. Ó ká orúnkún rẹ̀ tó wà lódìkejì sókè, ó yí i sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó fi ọwọ́ ọmọ náà sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀ kí ọ̀nà ọ̀fun lè là. Ó ní kí wọ́n má fún ẹni tó bá dákú ní ohunkóhun mu, kí wọ́n má da omi sí i lára, kí wọ́n má sì fi í sílẹ̀ kó sùn ún tán. Kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá (UCH ò jìnnà), kí wọ́n mú páálí oògùn náà dání. Naloxone lè dá èémí padà fún ẹni tí irú oògùn yìí bá gbé ṣubú, ṣùgbọ́n ó di ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò.

Wọ́n ní ọlọ́pàá làwọn ń bẹ̀rù táwọn kì í fi í gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sílé ìwòsàn. Ìbẹ̀rù yìí dùn mí gan-an, nítorí òun ló ń jẹ́ kí wọ́n máa fi epo pupa ṣòfò àkókò. NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, ní nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́, 0800 1020 3040, ọ̀fẹ́ ni tọ̀sán-tòru. Mi ò rí i lára ìsọ̀ kankan.

Mo lọ sọ́dọ̀ bàbá ẹlẹ́wà kan, mo ní ẹ̀yin bàbá wa, ṣé ẹ̀wà ò ṣeé dì ní 50 kílò ni? Ó ní ó ṣeé ṣe, pé owó àpò àti okùn ni kò jẹ́. Iye àpò òfìfo kan àti okùn rẹ̀ péré lórí ẹrù kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́wà lè fẹnu kò lórí ìyẹn nípàdé kan ṣoṣo, kí wọ́n sì fi ọmọlanke àti ìsinmi onísanwó kún un fún àwọn tó ń já ẹrù wọn.