Ọ̀rọ̀ Àlè Lójú Fèrèsé Hannah Humphrey

Láyé àtijọ́, bí Hannah Humphrey bá ti gbé àwòrán tuntun sójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní òpópónà St James's, ní Lọ́ńdọ̀nù, èrò á ti pé lé e lórí. Ẹni tó lówó á wọlé rà á. Ẹni tí kò ní á rín ẹ̀rín tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. James Gillray, ọ̀gá nínú ayàwòrán ẹ̀fẹ̀, ń gbé lókè ṣọ́ọ̀bù yìí kan náà. Orí bàbà ló ń fín àwòrán sí kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí wọ́n sì fọwọ́ kùn ún.

Òṣèlú ló pọ̀ jù níbẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ àlè ló ń dùn mọ́ èrò. Lọ́dún 1785, George, àrẹ̀mọ ọba, gbé Maria Fitzherbert níyàwó ní bòókẹ́lẹ́. Opó ni Maria, Kátólíìkì sì ni, bẹ́ẹ̀ òfin kò gbà kí ẹni tó fẹ́ Kátólíìkì jọba. Kí ọdún 1786 tó parí, Gillray ti ya ìgbéyàwó náà síta.

Ti Emma Hamilton ló wá le jù. Ọkọ rẹ̀, Sir William, fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún jù ú lọ, ohun àtijọ́ ló sì ń kó jọ kiri. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Nelson, ọ̀gágun ojú omi, ni ọkàn Emma wà. Ní oṣù Kejì ọdún 1801, Gillray ya Emma bíi Dido, ọbabìnrin Carthage tí olólùfẹ́ rẹ̀ wọkọ̀ fi sílẹ̀. Ó sanra rọ̀pọ̀tọ̀, ó na ọwọ́ sókè, ó ń ké. Lójú fèrèsé, ọkọ̀ ogun ń lọ. Àwọn ère fífọ́ tí baálé ilé ń tọ́jú wà nílẹ̀. Baálé ilé fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀, fọnfọn! Èmi ò rò pé ẹnikẹ́ni ti fi ọkọ ṣẹ̀sín tó báyìí rí.

Ta ni yóò pe irú èyí lẹ́jọ́? Olùpẹ̀jọ́ á kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé òun ni wọ́n yà. Owó ló rọrùn jù láti fi pa ayàwòrán lẹ́nu mọ́. Lọ́dún 1820, tí àrẹ̀mọ ìjọ́sí ti di ọba, wọ́n fún George Cruikshank, ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ mìíràn, ní ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn kó má fi ọba hàn mọ́ nínú ìwà àìtọ́. Cruikshank gbowó, ó fọwọ́ síwèé. Lọ́dún yẹn kan náà, òun àti òǹtẹ̀wé William Hone tún gbé ìjà ọba àti ayaba, tí kì í ṣe Maria, jáde, àwòrán lórí àwòrán, ọjà sì tà wàràwàrà.