Gáàsì ni àbí iná NEPA? Ẹ ṣírò owó yín kẹ́ ẹ tó ra sítóòfù o!

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré n'Ìgbẹmọ-Èkìtì, ìlú tí òkìkí ìrẹsì rẹ̀ kàn kọjá Adó. Ṣùgbọ́n kí ìrẹsì tó di jíjẹ, iná gbọ́dọ̀ jó lábẹ́ ìkòkò. Ibẹ̀ gan-an ni awuyewuye wà fún tọkọtaya tó fẹ́ kúrò nídìí igi àti kẹrosíìnì: ṣé sítóòfù gáàsì ni kí wọ́n rà ni, àbí oníná?

Ẹni tó bá ra oníná bọ́ lọ́wọ́ gbígbé sílíńdà kiri, òótọ́ ni. Àmọ́ ìṣirò ẹ̀ rèé. Sítóòfù oníná olójú kan tó jẹ́ 1,500 watts ń jẹ yúníìtì kan àtààbọ̀ ní wákàtí kan. Nígbà tí wọ́n gbé owó iná Band A láti ₦68 sí ₦225 lóṣù kẹrin, ọdún 2024, ohun tí wọ́n ń fi ₦102 sè di ₦337.50.

Kílò gáàsì kan ń ṣiṣẹ́ tó bíi yúníìtì 8 sí 9. Tí yúníìtì bá jẹ́ ₦225, ìyẹn jẹ́ ₦1,800 sí ₦2,025. Bí kílò gáàsì ládùúgbò yín kò bá tó iye yẹn, gáàsì ló dín owó. Ṣùgbọ́n ẹni tí yúníìtì tiẹ̀ kò ju ₦68 lọ, ₦612 ló pọ̀ jù fún un.

Tí wọ́n bá mú iná wá o! Iná olówó pọ́ọ́kú tí kì í dé, àgbàdo inú ìgò ni, àwòmójú ni fún adìẹ. Lọ́dún 2024 nìkan, ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ ni iná gbogbo orílẹ̀-èdè dákú. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní ‘I better pass my neighbour’ kò sì lè gbé sítóòfù oníná. Ebi ọmọ ò mọ̀ pé NEPA ti múná lọ.

Gáàsì náà kì í ṣe ohun à ń fojú di. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń kó jọ sí. Òórùn ẹ̀, wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi sí i ni, kí imú lè tètè gbọ́. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ má ṣáná, ẹ má fọwọ́ kan súìṣì. Ẹ ti sílíńdà, ẹ ṣílẹ̀kùn, kẹ́ ẹ bọ́ síta. Omi ọṣẹ la fi ń yẹ rọ́bà ẹ̀ wò, kì í ṣe ìṣáná.

Nílé tí iná ò ti dúró, ẹ jẹ́ kí gáàsì jẹ́ ìyálé, kí oníná olójú kan máa ràn án lọ́wọ́ lọ́jọ́ tíná bá wà. Ẹ ṣírò tán kẹ́ ẹ tó náwó. Owó yín ni, ẹ̀mí yín sì ni.