Oko Ta Ni Wọ́n Ń Pè Wá Sí?

Ẹni tó bá dàgbà sí abúlé mọ bí àáró ṣe ń lọ. Ọkùnrin mẹ́rin márùn-ún tí oko wọn kò jìnnà síra yóò jọ dá ọjọ́: lónìí, oko Àkàndé la ó kọ ebè sí, lọ́túnla, ó di ti Ìṣọ̀lá, títí yóò fi kárí. Ọ̀wẹ̀ ní tirẹ̀ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá ìyàwó á ránṣẹ́ sí àna rẹ̀ pé òun fẹ́ bo ilé, àna á sì kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn wá. Nínú méjèèjì, ẹni tó pè yín náà ló ni iṣẹ́. Òun ni yóò gúnyán, òun ni yóò gbé ẹmu kalẹ̀, ojú rẹ̀ ni yóò sì tì bí ọbẹ̀ kò bá kárí. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í pe èèyàn ní ìpèkúpè. Ó ti ṣírò iye ẹnu tó lè bọ́ àti iye ọjọ́ tí òun náà yóò fi san án padà.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2009, ilé-iṣẹ́ kan ní San Francisco gbé oko kalẹ̀ sórí Facebook. Zynga ni ilé-iṣẹ́ náà ń jẹ́ (orúkọ ajá Mark Pincus tó dá a sílẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́), oko náà sì ń jẹ́ FarmVille. Wọ́n á fún ọ ní ilẹ̀ kékeré kan, o tẹ ilẹ̀ náà, ó di ebè. O tún tẹ̀ ẹ́, o gbin nǹkan sí i. Èso strawberry á gbó láàárín wákàtí mẹ́rin, bí o kò bá sì tètè padà wá kórè, á rọ. Bí o bá fẹ́ kí oko náà fẹ̀ sí i, àfi kí o ní aládùúgbò, ìyẹn àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tí àwọn náà gbà láti wá ṣoko níbẹ̀, tàbí kí o fi owó gidi rà á. Màlúù aláìníbùgbé á ṣáko wọlé, géèmù á ní kí o wá ọ̀rẹ́ tí yóò gbà á tọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2010, àwọn tó ń ṣoko yìí lóṣooṣù ti lé ní 80 mílíọ̀nù, gbogbo àwọn tó ń lo Facebook lápapọ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 400 mílíọ̀nù. Nínú èèyàn márùn-ún, ẹnì kan ń ṣoko. Àwọn mẹ́rin tó kù ló jìyà ọ̀rọ̀ náà. Wọn kò tọrọ ilẹ̀, wọn kò fẹ́ màlúù, síbẹ̀ ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bá lójú-ìwé wọn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí i. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Houston, tí kò tẹ ilé láago láti ọdún Àjíǹde, ló wá ń tọrọ ìṣó àti pákó tí yóò fi kọ́ ilé ẹṣin.

Kí a tó bínú sí ẹ̀gbọ́n yìí, ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó ń pè wá gan-an. Oṣù Karùn-ún ọdún 2007 ni Facebook ṣílẹ̀kùn fún àwọn ará ìta láti wá kọ́ áàpù tiwọn sórí rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé ìpolówó ń gba owó, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni ẹnu ọ̀rẹ́. Ìṣirò wọn kò ṣòro: bí olúkúlùkù tó wọlé bá mú ju ẹnì kan lọ wọlé, áàpù náà á máa pọ̀ sí i láìná kọ́bọ̀. Láti ìgbà náà ni ọgbọ́n ti di kí a rọ́nà mú kí oníkálukú pe ẹlòmíràn. Àwọn áàpù kan fàmì sí orúkọ gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ sílẹ̀ dè ọ́, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló kù tí wàá tẹ̀. Àwọn mìíràn kì í fi èsì ìdánwò tí o ṣe hàn ọ́ àfi bí o bá kọ́kọ́ pe èèyàn. Géèmù Candy Crush tí ilé-iṣẹ́ King gbé wá sórí Facebook ní 2012 fún ọ ní ẹ̀mí márùn-ún. Bí o bá lò ó tán, ìdajì wákàtí lo ó fi dúró de ẹyọ kan, tàbí kí o tọrọ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́.

Ibí ni àáró àti oko orí ayélujára ti pínyà. Ẹ̀gbọ́n tó ń pè wá kò ní oko kankan. Lébìrà ni òun náà, àwọn olóko wà ní San Francisco, wọn kò sì gúnyán fún ẹnikẹ́ni. Facebook fúnra rẹ̀ ń jẹ níbẹ̀. Nínú ìwé tó kọ nígbà tó fẹ́ ta ìpín ìdókòwò fún gbogbo ayé, ó sọ pé ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún un ní 2011 ló wá láti ọ̀dọ̀ Zynga. Lóòótọ́, ó ti dín ariwo àwọn áàpù kù ní 2010, àmọ́ ẹ̀bẹ̀ kò tán. Nígbà tí Mark Zuckerberg, olórí Facebook, dé Delhi ní oṣù Kẹwàá ọdún 2015 láti gba ìbéèrè lẹ́nu àwọn ará India, ìbéèrè tí àwọn èèyàn dìbò fún jù ni bí ìpè Candy Crush yóò ṣe dáwọ́ dúró. Ó ní òun ti ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bójú tó o kó wá nǹkan ṣe sí i. Ẹ ò rí i pé ó ti tó ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn ṣí!

Ọkùnrin kan wà tó fi gbogbo rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́: Ian Bogost, olùkọ́ ní Georgia Tech nílùú Atlanta nígbà náà. Ní 2010 ló gbé Cow Clicker jáde. Màlúù kan ni yóò fún ọ. Wàá tẹ̀ ẹ́, yóò dún, wàá sì dúró fún wákàtí mẹ́fà kí o tó lè tún un tẹ̀. Bí o bá pe àwọn ọ̀rẹ́ kí wọ́n kó màlúù tiwọn wá sí pápá rẹ, iye ìtẹ̀ rẹ á yára pọ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ni Bogost fi ṣe, ó fẹ́ kí àwọn èèyàn rí i bí irú géèmù bẹ́ẹ̀ ṣe ṣófo tó, àmọ́ èèyàn tó lé ní 50,000 wọ̀ ọ́. Ní 2011 ó kó gbogbo màlúù náà lọ, ó ku koríko lásán. Àwọn kan ò kúrò níbẹ̀, wọ́n ń tẹ koríko.

Mo lè fi ìyẹn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èyí tó kàn kò pa mí lẹ́rìn-ín rárá. Òfin Facebook nígbà náà gbà kí áàpù tí ọ̀rẹ́ rẹ gbà wọlé wo nǹkan tìrẹ náà, bí ìwọ tilẹ̀ kọ ìpè. Aleksandr Kogan, olùkọ́ kan ní Yunifásítì Cambridge, ṣe áàpù ìdánwò ìwà. Nǹkan bí 270,000 èèyàn ló gbà á. Nígbà tí àṣírí tú ní 2018, Facebook fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn tó tó 87 mílíọ̀nù ti bọ́ sọ́wọ́ Cambridge Analytica, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn olóṣèlú nígbà náà. Kò sí àáró ibì kankan tí wọ́n ti ń wọn ilé ẹni tó kọ̀ tí kò wá.

FarmVille àkọ́kọ́ kógbá sílé ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020. Candy Crush ṣì wà. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti sú yín, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Blocking sí nínú ètò Facebook. Ẹ lè dí ìpè láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan, ẹ sì lè dí áàpù náà fúnra rẹ̀. Èkejì ló tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí áàpù ló jẹ̀bi. Ẹ tún ya Apps and Websites wò: àwọn áàpù tí ẹ fúnra yín ti gbà láyè rí wà níbẹ̀, títí kan èyí tí ẹ ti gbàgbé, bọ́tìnnì tí ẹ ó fi yọ wọ́n sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan.